MGB 1971: jáàkì wọ inú sílì lọ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Arìnrìnàjò71

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. MGB aláìlórùlé kan, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lọ́wọ́ mi, ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é. Bàbá mi ló ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ ni a ti fi tapólì bò ó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, pupa fòò, mo sì rò pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni màá mójú tó.

Ní Sátidé, mo gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀ kí n lè tú táyà iwájú lápá òsì. Mọ́tò ò gbéra. Ńṣe ni orí jáàkì ń wọ inú sílì, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, lọ, tó ń dún wùrùwùrù bí ìgbà téèyàn ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Mo yáa sọ ọ́ kalẹ̀. Mo mú sukudíráfà, mo fi gún ibẹ̀, ó sì wọlé dé èèkù. Nígbà tí mo fà á yọ, ìyẹ̀fun pupa dà sí mi lọ́wọ́, ègé pépà kan sì bá a jáde. Mo tẹ́ pépà náà wò: ìwé ìròyìn ni. Ẹnì kan ti ki ìwé ìròyìn bọ inú sílì nígbà kan rí, ó rẹ́ pọ́tì (ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) lé e lórí, ó sì fi ọ̀dà bò ó. Ó dùn mí wọra. Bàbá mi ò fi ọkọ̀ yìí ṣeré rárá, mo sì mọ̀ pé wọ́n sanwó fún iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé irin ni wọ́n fi ṣe é.

Wẹ́dà kan ti wá wò ó, ó ní òun á gé irin pẹlẹbẹ, òun á jó o mọ́ ojú ihò náà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹlòmíràn ní kí n lo fáíbà. Mo ní ẹ̀rọ ìjórin kékeré tèmi, mo ti fi ṣe géètì méjì, ṣùgbọ́n n kò fi kan ara mọ́tò rí. Ṣé ọwọ́ mi ká irú iṣẹ́ yìí? Ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ilẹ̀kùn òsì kì í pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́. Ó máa ń ha ara rẹ̀ lókè lápá ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọlọ́dà

Má fi fáíbà sí i, jọ̀ọ́. Fáíbà ò lè gbé ẹrù níbẹ̀, omi á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí o ò ní rí.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, wá òòfà kékeré kan, fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí o sì máa fi í rìn káàkiri ara mọ́tò náà pẹ̀lú sùúrù. Ibi tí kò bá ti fà dáadáa, pọ́tì ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Yẹ ẹsẹ̀ fẹ́ńdà iwájú wò, yẹ igun fẹ́ńdà ẹ̀yìn tó wà níwájú táyà wò, àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì. Fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó o bá fura sí ká. Bí òòfà ò bá lẹ̀ mọ́ bọ́néètì rárá, má jáyà, àwọn MGB ìbẹ̀rẹ̀ ní bọ́néètì alumíníọ́mù.

Ẹni tó ki ìwé ìròyìn síbẹ̀ kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Wàá rí òmíràn.

Alágbẹ̀dẹ-Mọ́tò

Àbúrò, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun gan-an lolórí ọ̀rọ̀. MGB ò ní sàṣí (férémù irin abẹ́ mọ́tò) lọ́tọ̀. MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n nígbà tí B jáde ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di egungun. MGB GT tó dé ní 1965 ní òrùlé irin tó ń bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Tìrẹ ò ní. Sílì méjèèjì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídi iwájú mú mọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti jẹrà, àárín mọ́tò á máa rọ̀ sílẹ̀, òpó iwájú ilẹ̀kùn àti òpó ẹ̀yìn á máa forí tẹ̀ síra wọn, ilẹ̀kùn á sì há láàárín wọn lókè. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn. Má fọwọ́ kan ìńjẹ́ẹ̀sì rẹ̀ (irin tó so ó mọ́ òpó).

Irin tó ò ń rí láti ìta yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Tìta wà tó gba ọ̀dà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin kan dúró ṣánṣán láàárín bí ògiri. Tinú wà tó di ilẹ̀ mọ́tò mú. Nísàlẹ̀ wọn ni ọ̀pá gígùn kan wà tí àwọn tó ń ta pátì ń pè ní castle rail. Inú ló máa ń ti jẹrà wá síta. Ẹ̀yìn táyà iwájú ni omi ń gbà wọlé. Tú fẹ́ńdà iwájú kúrò (bóòtù ni wọ́n fi dè é, wọn ò jó o mọ́ ara), wàá rí irin pẹlẹbẹ kan tó dí ẹ̀yìn táyà, tí rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbó, ẹrẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, á jókòó sórí sílì, kò sì ní gbẹ. Mo ti fọwọ́ kó ẹrẹ̀ tó kún garawa lẹ́yìn fẹ́ńdà méjì rí. Mọ́tò ọ̀hún ti lo ọdún kan gbáko nínú gáréèjì láìjáde, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ náà ṣì tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ mi níka.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ wẹ́dà ọlọ́jọ́ kan. Irin tó dógùn-ún máa ń wú; ìpáàrà ń gba ààyè ju irin tó jẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Bí o bá fi irin tuntun bò ó, á máa wú láàárín irin méjèèjì títí á fi ya ojú ìjórin náà. Ibi tó sì máa jó o mọ́ dà? Irin tí kò sí mọ́ ni. Bákan náà ni àwọn sílì ìbòrí tí wọ́n ń tà, tó jẹ́ pé orí èyí tó jẹrà ni wọ́n ń fi lé. Sílì tó péye máa ń gba abẹ́ fẹ́ńdà iwájú kọjá, á tún wọ abẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá tú ti iwájú, tí kò sì gé ìsàlẹ̀ ti ẹ̀yìn, kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. B àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, méjì ní imú, méjì nídìí pátápátá. Sílì tuntun ti wà nílẹ̀, ara mi ti wà lọ́nà. Mo gé ti òsì àti tọ̀tún lọ́jọ́ kan náà. Mi ò fi ọ̀pá kankan gbá ẹnu ilẹ̀kùn mú, mi ò wọn nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jó tuntun mọ́ ọn, ojú ìjórin náà mọ́, inú mi dùn. Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo gbé ilẹ̀kùn kọ́. Nísàlẹ̀, ìka mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Lókè, irin gun irin. Mọ́tò ti tẹ̀ láàárín bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí, èmi ni mo sì fi iná dè é bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo rẹ̀ ni mo tún gé. Sílì tuntun méjì bàjẹ́, mo sì lọ bá ẹni tó ni ọkọ̀, mo ṣàlàyé fún un lójúkojú. Láti ọjọ́ náà, mi ò gé irin kan lára mọ́tò aláìlórùlé láì kọ́kọ́ wọn ilẹ̀kùn.

Torí náà, gbé ẹsẹ̀ irin sí ibi tí táyà àti sípíríǹgì mọ́tò fúnra rẹ̀ ti ń gbé ẹrù, kì í ṣe imú àti ìdí. Jó ọ̀pá irin kan láti òpó iwájú ilẹ̀kùn dé òpó ẹ̀yìn, lápá inú, kí ilẹ̀kùn lè máa ṣí kó sì máa pa dé bí ọ̀pá náà ṣe wà níbẹ̀. Lo irú ọ̀pá tó ní ojú ìyíkà láàárín, tó ṣeé fà gùn, tó ṣeé kó kúrú. Tìrẹ ti rọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà wàá máa fi ọ̀pá yẹn ti òpó méjèèjì síta díẹ̀díẹ̀, wàá máa ti ilẹ̀kùn, wàá máa wọn àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi bára dọ́gba. Kọ iye rẹ̀ sára òpó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà yẹn ni kó o tó gbé gáráńdà. Apá kan ni kí o gé. Jó o tán pátápátá kó o tó fọwọ́ kan ìkejì.

Ọwọ́ rẹ á ká a. Ṣùgbọ́n irin géètì nípọn, irin tibí ò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Wáyà mílímítà 0.6 ni kó o lò, pẹ̀lú gáàsì argon tí wọ́n pò mọ́ kábọ́nù dáyọ́ksáìdì. Ìjórin onígi (ti elétíróòdù) á lu ihò síbẹ̀. Má fa iná gbọọrọ. Tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: jó ọ̀kan, kúrò níbẹ̀, lọ jó òmíràn lápá kejì, kí irin má baà gbóná kó sì ká. Níbi tí ilé-iṣẹ́ ti fi iná tò ó ní ẹyọ ẹyọ, lu ihò mílímítà 6 sí 8 sára irin òkè, kó o sì fi ìjórin dí ihò náà títí á fi mú ti ìsàlẹ̀. Fi àjákù irin tó nípọn bákan náà kọ́ ọwọ́ fún bí ọjọ́ méjì. Bí o bá fi òòlù àti ẹ̀mú ya á, tí ojú ìjórin bá já, kò tíì tó.

Tú bátìrì kúrò kí o tó tan iná kankan. Méjì ló wà nínú tìrẹ, fóltì 6 kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìjókòó. Yẹ àpótí wọn wò dáadáa, ásíìdì ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí o bá máa dé apá ẹ̀yìn, sọ táǹkì epo kalẹ̀ kúrò lábẹ́ búùtù, gbé e jìnnà. Mo bẹ̀ ọ́, má fi omi ìfọ búréèkì tó ní kílórínì nu irin tó o fẹ́ jó. Iná ìjórin ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa ènìyàn.

Ojú-Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ fi kún un. Ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń ṣe ara MGB tuntun látòkè délẹ̀ láti 1988. Bí ilẹ̀ mọ́tò, àpótí bátìrì, ibi ìkọ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn àti sílì bá ti jọ jẹrà, àbúrò yìí á lo ọdún mẹ́ta lórí gígé àti jíjó. Kí ló dé tí kò ní gbé ara tuntun, kó tò ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ-Mọ́tò

Òótọ́ ni, mo sì ti gba àwọn kan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí ibi ìkọ́ sípíríǹgì méjèèjì bá ti lọ, èmi náà á sọ pé kó gbé tuntun. Jẹ́ kó kọ́kọ́ wò ó ná.

Arìnrìnàjò71

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú òòfà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ibi ìkọ́ sípíríǹgì le koko. Mo fi òòlù kàn án, ó ń dún gaan gaan. Àpótí bátìrì òsì ti lu, ti ọ̀tún dára. Ilẹ̀ mọ́tò ní ihò kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wakọ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ojú-Ọ̀nà, mo gbọ́ tiyín, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí pákó inú ilẹ̀kùn, mo rí i pé bàbá mi ti fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì sí ẹ̀yìn rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iye máìlì. Mo fẹ́ kí ara mọ́tò tí wọ́n fi rin gbogbo máìlì wọ̀nyẹn ṣì wà.

Mo tú fẹ́ńdà iwájú òsì kúrò. Àwọn bóòtù tó wà lẹ́bàá òpó gíláàsì iwájú ló dà mí láàmú jù. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi ń fi epo rẹ wọ́n. Ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn irin pẹlẹbẹ yẹn gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí, rọ́bà rẹ̀ ti gan bí igi. Nígbà tí mo gé sílì ìta ṣí lójú kan péré láti wo inú, irin tó dúró ṣánṣán náà kò sí mọ́ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Etí èyí tó kù rí bí etí ewé tí kòkòrò jẹ. Mo fa ìwé ìròyìn jáde títí ó fi kún àpò kan.

Kí n tó fi ọ̀pá sí i, mo wọn ilẹ̀kùn: lókè mílímítà 2, láàárín 4, nísàlẹ̀ 7. Mo ti yí ọ̀pá náà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìyíkà kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 4, 5, 6. Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí ó tó?

Alágbẹ̀dẹ-Mọ́tò

Máa bá a lọ, ṣùgbọ́n má fi agbára fà á. Tún ọjọ́ kan lò, yí i ní ìlàjì ìlàjì. Bí kò bá dọ́gba, ìsàlẹ̀ òpó iwájú lo máa wò, bóyá ìpáàrà ló ṣì dì í mú níbẹ̀. Gé ibi tó dì í mú, á tú. Nígbà tó o bá gbé sílì tuntun síbẹ̀, fi ẹ̀mú àti sukúrù dè é ná, má jó o. Ti ilẹ̀kùn. Tún wọn ọ́n. Jó ẹyọ mẹ́wàá péré. Tún ti ilẹ̀kùn. Èmi a máa ti ilẹ̀kùn bí ìgbà ogójì kí sílì kan tó parí.

Pákó bàbá yẹn, gbé e sínú ilé, jìnnà sí iná ìjórin.

Ọlọ́dà

Kí iná tó kàn án, fi púráímà síǹkì tó wà fún ìjórin kun ojú irin méjèèjì níbi tí wọ́n ti máa pàdé, torí o ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni o, tó bá pọ̀ jù á máa ta pàràpàrà lábẹ́ iná. Kí o sì wọ ìbòmú tó yẹ. Èéfín síǹkì ń múni ṣe ibà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí ihò kéékèèké bá wà tó jẹ́ pé irin ibẹ̀ ṣì nípọn, fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kó o fi ásíìdì fọ́sífọ́ríkì pa á. Á sọ ìpáàrà tó kù nínú ihò náà di fọ́sífeeti aláwọ̀ dúdú. Fọ̀ ọ́ kúrò, gbẹ ẹ́ dáadáa. Kò wúlò fún ibi tó ti lu. Ásíìdì ò lè dá irin padà.

Tó o bá ti jó o tán, púráímà epọ́sì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan irin lásán, kó o tó fi ohun ìdíjú dí gbogbo ojú ìpàdé. Pọ́tì tó o bá fẹ́ lò, orí epọ́sì ni kó wà, torí pọ́tì ń fa omi, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì máa jìyà. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń fò: lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ, fi ọ̀pá oníhò gígùn fín ìda sínú sílì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Má dí àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Mo ti rí ẹni tó fi ohun ìdíjú dí gbogbo wọn nítorí ó rò pé àbùkù ni.

Arìnrìnàjò71

Apá òsì ti parí. Ó gbà mí ní oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ìsàlẹ̀ òpó iwájú ló dì í mú lóòótọ́. Mo gé ibẹ̀, ọ̀pá sì yí láìlágbára. Mo ba castle rail kan jẹ́ torí mo jó o gùn jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ká, mo ra òmíràn. Mo ti ilẹ̀kùn ju ogójì lọ, mi ò ka gbogbo rẹ̀.

Àlàfo rẹ̀ báyìí: lókè 5, láàárín 5, nísàlẹ̀ 5. Mo gé ọ̀pá kúrò lánàá, mo sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, mo tún wọn ọ́n. 5, 5, 5. Mo fi jáàkì gbé e níbi tó ti wọ inú lọ́jọ́sí, ó gbéra, ilẹ̀kùn ṣí, ó tún pa dé bó ṣe wà lókè yẹn. Ní àárọ̀ yìí mo fín ìda síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo sì rí i tó ń kán láti inú ihò ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, mo ti ń tú bóòtù fẹ́ńdà ọ̀tún. Mo ti da epo sí i láti àná.